Ẹ̀ẹ̀mẹrin Ni Wọ́n Wá, Wọn Ò Wọlé

Ẹ̀yin ìyá mi tí mi ò yéé pè,

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Tí mo bá fi ti ayọ̀ ṣáájú, ẹ ó ní mo ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín, mo sì mọ̀ pé ẹ kórìíra rẹ̀.

Mọ́mì, mo parọ́ fún yín. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi pa irọ́ yẹn. Gbogbo Sọ́ńdè tí mo sọ pé ìwé kò jẹ́ kí n lè wálé láti Turin, pé ilé ìkàwé ni mo wà, bọ́ọ̀lù ni mo ń gbá. Bọ́ọ̀lù yẹn náà ni o, èyí tí mo fẹnu ara mi sọ fún yín pé mo ti fi sílẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí egungun èjìká mi ṣẹ́, lọ́dún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì? Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti ilé ní Alessandria, aṣọ iṣẹ́ yín ṣì wà lọ́rùn yín, ẹ sì bá mi ní pronto soccorso, yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì, níbi tí wọ́n ti fi báńdéèjì so apá mi mọ́ àyà.

Ẹ ní, "Ṣé eré nìyí? Ta ló ń ṣeré tí egungun rẹ̀ ń ṣẹ́?"

Mo ní, "Ó ṣèèṣì ni, Mọ́mì."

"Mi ò bí ọ kí àwọn ẹlòmíì máa wó ọ mọ́lẹ̀. O ò ní gbá a mọ́. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Mi ò ní gbá a mọ́."

Mo sọ ọ́, ó sì wá látọkàn mi lọ́jọ́ náà, nítorí ìrora. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, mo ti padà sí pápá.

Látìgbà yẹn, tí mo bá ti wálé, kí n tó jókòó, ẹ ó ti gbé àtàǹpàkò yín lé egungun náà, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá píà ti rọ̀. Ní àwọn ìgbà míì, ara mi ti bó lábẹ́ aṣọ nítorí ohun tí ojú mi rí ní pápá, mo máa pa eyín mi pọ̀ títí ẹ ó fi gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń fọ ìbọ̀sẹ̀ mi. Ẹrẹ̀ wà lára wọn, koríko wà lára wọn. Ṣé koríko máa ń hù nínú ilé ìkàwé ni? Ẹ ò bi mí rí. Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹ kàn ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́? Àbí ẹ gbà mí gbọ́ débi pé ojú yín ò tiẹ̀ rí koríko náà? Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ló burú jù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi Títí ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Ó ní lọ́jọ́ kan ẹ dìde láàárín ìsìn, nínú capannone, ilé ìkẹ́rù ńlá tí ẹ fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní kí gbogbo ìjọ bá yín gbàdúrà fún ọmọ yín tí kò rí Sọ́ńdè sinmi nítorí ìwé. Wọ́n sì gbàdúrà. Ní wákàtí yẹn gan-an, mo ń yí gbiri nínú ẹrẹ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù ìlú Sesto San Giovanni.

Sọ́ńdè yẹn náà ni àìsàn òjijì gbé yín ṣubú. Títí pè mí lẹ́ẹ̀meje. Fóònù mi wà nínú báàgì ní spogliatoio, níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, èmi sì wà lórí pápá. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi nìkan ló kù lọ́dọ̀ yín nínú yàrá. Mo tẹ̀ sún mọ́ etí yín láti sọ òótọ́ fún yín. Nọ́ọ̀sì wọlé wá pààrọ̀ omi, mo sì pa ẹnu mi dé. Nígbà tí ó jáde, mi ò lè yà á mọ́. Àárọ̀ Ọjọ́rú lẹ lọ.

A sin yín sí Alessandria bí ẹ ṣe fẹ́, níbi tí ẹ ní àwọn ọmọ yín lè wọ bọ́ọ̀sì dé. Bọ́ọ̀sì náà máa ń pẹ́, àmọ́ ó ń débẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo pinnu pé mi ò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà mọ́ láyé mi. Mo rò pé ìyà tó tọ́ sí mi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lo ìpinnu yẹn. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Dádì níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ Dádì. Wọn ò pariwo. Wọ́n lọ aṣọ náà tán, wọ́n gbé e kọ́, wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko, wọn ò bá mi sọ ju kí n ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí jókòó.

"Irọ́ tí o pa fún ìyá rẹ, èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Mi ò lè bá a dárí jì ọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé eré yẹn wù ọ́?"

Mi ò retí ìbéèrè yẹn. Mo ní, "Ó wù mí, sà."

"Kí ló dé tí o wá fẹ́ fi í sílẹ̀? Ìgbà tí ìyá rẹ wà láyé, tí ó ní kí o fi í sílẹ̀, o ò fi í sílẹ̀. Ìgbà tí kò sí mọ́ lo wá fẹ́ gbọ́ràn? Ta lò ń ṣe é fún?" Wọ́n dìde. "Tí o bá máa gbá a, gbá a ní gbangba. Kí n mọ ọjọ́ rẹ̀, kí n mọ ìlú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá ọ tì nínú ilé yìí."

Báyìí ni mo ṣe padà, Mọ́mì. Tí ẹ bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan fún ìyẹn, ẹ bínú sí èmi, ẹ má bínú sí wọn.

Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi hàn yín lórí fóònù, ẹ ní ó dà bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń já wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Kò rí róbótó, ó gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n sì lè jù ú. Ìlà kan wà ní òpin pápá níhà ọ̀dọ̀ wa. Tí àwọn tó kọjú sí wa bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà náà, wọ́n gba àmì mẹ́fà, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ gbá a gba díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń fún wọn láyè láti sún síwájú. Tí ẹ̀ẹ̀mẹrin bá pé tí wọn ò lọ jìnnà tó, bọ́ọ̀lù di tiwa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ, ó sì ní àwọn tó ń dínà. Adínà ni mí. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ adínà sára ògiri. Iṣẹ́ mi ò ju pé kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù má kọjá mi.

Ó sì ní ohun kan tí ẹ kọ́ mi tí mò ń lò níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ẹ̀ ń tọ́jú signora yẹn, ìyá arúgbó tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún, mo máa ń tẹ̀ lé yín lọ nígbà ìsinmi. Ẹ máa ń sọ pé "permesso", bí a ṣe ń kágò nílé wa, kí ẹ tó wọ yàrá wọn. Ó mọ́ yín lára débi pé ẹ máa ń sọ ọ́ kí ẹ tó wọ kíṣìnnì tiwa nílé. Ibẹ̀ lẹ ti kọ́ mi bí a ṣe ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: kí n má fi ẹ̀yìn gbé wọn, kí n tẹ orúnkún, kí n sún mọ́ wọn dáadáa, kí n má fà wọ́n lọ́wọ́, ìbàdí ni kí n gbá mú. Bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ń sáré dúró gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ kan kóòṣì wa, Renato, bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni. Ó rò pé ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù rí, mi ò sì tún un ṣe fún un. Ẹ̀yin ń fi gbé èèyàn dìde, èmi ń fi gbé èèyàn ṣubú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà dé, mi ò wúlò. Lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́, ẹnì kan náà sáré kọjá mi lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé òpó iná ni mí. A pàdánù. Davide, ọmọ Cuneo tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ìlà, wá jókòó tì mí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ara rẹ nìkan lo gbé wá lónìí. Tí o bá fẹ́ máa sunkún, mo máa bá ọ jókòó. Tí o bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la ni mò ń sáré létí odò Po. Mú èyí tó wù ọ́."

Mo mú méjèèjì, Mọ́mì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mò ń sáré, mò ń sunkún, òun náà kò sì wo ojú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún dín kù, eré ò dín kù. Òtútù odò yẹn máa ń wọ eegun. Ojoojúmọ́ la lọ, àfi ọjọ́ tí mo ní ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìdánwò Analisi, ìṣirò tí ìjọ gbàdúrà fún yẹn, mo fìdí rẹmi. Mo tún un ṣe ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo sì gba mẹ́rìnlélógún nínú ọgbọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ibo ni mẹ́fà tó kù wà.

Nígbà tó di ìdíje kẹta, ẹsẹ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kóòṣì Renato kó àwa adínà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi. Ọmọ yìí kò lè gba àmì púpọ̀ fún wa ní ọdún yìí. Tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n gba mẹ́wàá, a ti pàdánù. Ẹ̀yin lẹ máa gbé wa dé ibi tí à ń lọ, tàbí kí a máa lọ sílé."

A wo ara wa lójú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wa ti yí padà. A bẹ̀rẹ̀ sí í dé pápá kí àwọn yòókù tó dé. A ń wo fídíò àwọn tí a máa bá gbá títí mo fi mọ ẹni tó máa ń lá ètè rẹ̀ kí ó tó sáré. Nínú ìdíje márùn-ún tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta ni wọn ò ti fẹsẹ̀ kan ìlà wa rárá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ní Portone, ilẹ̀kùn ńlá ìsàlẹ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kọjá láì ní kọ́kọ́rọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rí àwọn tó máa ń dìde hó nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ wa.

Bí a ṣe dé àṣekágbá nìyẹn. Verona ni wọ́n ti gbá a, ẹgbẹ́ yunifásítì kan láti Padua ló kọjú sí wa. Dádì pààrọ̀ turno wọn, àsìkò iṣẹ́ wọn, àwọn àti Títí sì wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Oòrùn ń ràn, síbẹ̀ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n wọ̀, wọ́n tún mú agbòòrùn dání. Wọ́n jókòó láàárín àwọn òbí tó ń pariwo bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n pe nọ́mbà òun ní ọ́fíìsì.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, a ní mẹ́wàá, wọ́n ní mẹ́fà. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù kí wọ́n dé ìlà wa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lè gbìyànjú. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá bọ́ sí i, gbogbo ọdún wa ti tán.

Àkọ́kọ́, wọ́n gbé e fún ọkùnrin ńlá wọn, ó gba àárín wá. Davide dì í mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n jù ú sókè sí igun pápá, ọ̀kan nínú wa na ìka sí i, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin ńlá náà gba ọ̀dọ̀ mi wá. Mo tẹ orúnkún, mo gbá a mú níbàdí, òun ń tì, èmi ń tì, a sì ṣubú síbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ìlà. Èjìká mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ nígbà yẹn ni.

Ó rí lára mi bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i. Kóòṣì gba àkókò ìsinmi, òun àti dókítà sáré wá bá mi.

Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Mọ́mì, mo mọ ohun tí mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń sọ pé kò dùn mí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ní, "Ó ń dùn mí gan-an. Àmọ́ mo lè gbé e sókè." Mo sì gbé e sókè kí wọ́n rí i.

Dókítà tẹ egungun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kò ṣẹ́. Ó wo kóòṣì. Kóòṣì wò mí.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Wo bẹ́líìtì rẹ̀, má wo ojú rẹ̀. Ojú máa ń tan èèyàn."

A padà sí ìlà. Gbogbo pápá ti dìde. Nínú ariwo Ítálì yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn kan ṣoṣo ní Yorùbá, ohùn tí kì í pariwo nílé, tó ń ké pé, "Má jẹ́ kó wọlé o! Má jẹ́ kó wọlé!"

Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbé e fún ọkùnrin ńlá. Gbogbo èèyàn rọ́ lọ sáàárín. Èmi náà fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti kúrò nílẹ̀. Àmọ́ mo rí bẹ́líìtì rẹ̀. Bẹ́líìtì náà kò lọ sáàárín, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi ló ń yà sí. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró. Ó jáde síta, ó yára jù mí lọ, ó sì rò pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó fò. Mo gbá a mú nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ kan dára, ọwọ́ kan ń jó mi bí iná, mi ò sì tú u sílẹ̀. A jọ ṣubú lulẹ̀ ni. Ó na bọ́ọ̀lù sí ìlà. Mo gbọ́ fèrè. Mo dojú bolẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, koríko ló kún casco, akoto tí mo dé.

Adájọ́ sáré wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó wá na apá rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Bọ́ọ̀lù di tiwa. Ẹsẹ̀ bàtà kan ló kù fún wọn. Àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún wa dì í mú títí àkókò fi pé, a sì borí.

Mi ò lè sọ bí ó ṣe rí lẹ́yìn ìyẹn, nítorí èèyàn bí ogún ló gùn mí. Davide ń sunkún, èmi ò sunkún.

Dádì rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀. Wọ́n wo bí wọ́n ṣe fi aṣọ so apá mi. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Títí bẹ́ sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Papà ha chiuso gli occhi!" Wọ́n di ojú wọn nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin bẹ̀rẹ̀, òun ló sọ fún wọn pé ó ti tán. Dádì ní kò rí bẹ́ẹ̀, oòrùn ló ń ta àwọn lójú.

Kóòṣì gbà kí n bá wọn padà. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Dádì da bisikíìtì sórí tábìlì, wọ́n ní kí n tò ó bí a ṣe dúró, kí n fi ẹlẹ́ẹ̀kẹrin hàn wọ́n. Mo tò ó. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n tún ní kí n tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí fèrèsé.

Wọ́n ní, "Ìyá rẹ ì bá bínú."

"Mo mọ̀, sà."

"Ì bá bínú gan-an ni." Wọ́n mú bisikíìtì kan. "Ṣùgbọ́n ì bá wá. Ọwọ́ iwájú nì bá jókòó sí."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ, Mọ́mì? Ṣé ẹ ì bá wá? Èmi ò pè yín rí. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà tún un ṣe. Mo fi ìbẹ̀rù dù yín ní ohun tí ẹ ì bá fi ojú ara yín rí.

Dókítà ní iṣan èjìká náà ló ya díẹ̀, kí n sinmi oṣù méjì. Mo sinmi oṣù méjì pé pérépéré, mi ò yọ ọjọ́ kankan kúrò. Mò ń fi rọ́bà fa apá náà láràárọ̀, ó sì ti ń lágbára padà. Kóòṣì ní èmi ni olórí àwọn adínà lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún tí mo máa ṣe tán ní yunifásítì. Mo gbà. Mo rò ó dáadáa kí n tó gbà, mo sì mọ ohun tí ẹ ì bá sọ.

Àforíjì ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, nítorí irọ́ náà, nítorí àdúrà ìjọ, nítorí ìpè méje tí mi ò gbọ́. Mi ò tọrọ pé kí ẹ gbà kí n máa gbá a. Ẹ̀yin kò fẹ́ ẹ, èmi fẹ́ ẹ, ó sì yẹ kí n ti dúró níwájú yín sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bí ọkùnrin, kí ẹ bínú, kí ẹ bá mi wí, kí n ṣì máa jẹ́ ọmọ yín.

Ìdánrawò máa bẹ̀rẹ̀ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá, ní Turin. Dádì mọ̀. Títí mọ̀. Ẹ̀yin náà ti wá mọ̀ báyìí.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin, tó fẹ́ràn yín, tó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.